Kọ̀ǹpútà Tí Àwọn Tó Ṣe É Kò Tọ́jú Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu, kì í sì í ṣe ti àgbàdo. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, èyí tí àwọn ọmọ wa tó lọ sí ilé ìwé Faransé ń pè ní ordinateur. Ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá kí ẹ wí pé: «Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi kò ní kọ̀ǹpútà.» Bí ẹ kò bá ní i nínú ilé, ẹgbẹ́ yín lè ní i. Ilé ìgbẹ̀bí tí ìyàwó yín ń lọ lè ní i. Ọmọ yín tó ń ya fọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ ọjà lè ní i. Tẹlifóònù tó wà ní àpò yín pàápàá, tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ yín láti Èkó, kọ̀ǹpútà kékeré ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Àwọn obìnrin kan wà ní agbègbè wa tí wọ́n ń yan gàrí. N kò ní dárúkọ abúlé wọn, nítorí wọn kò ní kí n dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́, wọ́n ń dá owó ní gbogbo ọjọ́ ọjà, wọ́n sì ń yá ara wọn nínú owó náà. Akọ̀wé wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó mọ ìwé. Ó bá wọn ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní Kútọnu, ó sì kó gbogbo ìṣirò ẹgbẹ́ sínú rẹ̀: orúkọ olúkúlùkù, iye tí ó dá, iye tí ó yá, iye tí kò tíì san. Ó ní ikán ń jẹ ìwé, ṣùgbọ́n ikán kò lè jẹ kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn yọ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi lò ó láìsí wàhálà.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìpè sí ìpàdé. Akọ̀wé fi ìwé náà sínú kọ́kọ́rọ́ USB, ó fi rán ọmọ kan sí ilé ìtẹ̀wé nínú ìlú. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ náà padà dé, ó tún kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà jí bí ó ti máa ń jí, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan nínú rẹ̀ tó ṣeé kà mọ́. Inú gbogbo wọn di rúdurùdu. Ọ̀rọ̀ kan sì hàn lójú rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé olè ti ti gbogbo ìwé pa, àti pé bí wọ́n bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí yóò ṣí wọn, kí wọ́n san owó.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, n kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Ojú tì mí, nítorí wọ́n ti gún iyán dè mí. Windows 7 ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, èyí tí àwọn tó ṣe é ti ṣíwọ́ títọ́jú rẹ̀ láti ọdún 2020. Ẹ ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà ṣe rí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ohun tó fà á wò.

Kọ̀ǹpútà jẹ́ irin àti wáyà lásán bí kò bá sí ètò nínú rẹ̀. Ètò ni àwọn àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún irin náà: ṣe èyí, má ṣe ìyẹn. Nínú gbogbo ètò, ọ̀kan ni baálé. Òun ló ń jí irin ní àárọ̀, òun ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn ètò yòókù, òun ló sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní ètò baálé nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà tí à ń rí ni Windows, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ń ṣe. Lórí tẹlifóònù, Android tí Google ń ṣe ló wọ́pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé kíkọ mọ̀ pé ẹni tó bá kọ ìwé gígùn kò lè ṣàì ṣi ibì kan kọ. Ètò baálé jẹ́ ìwé tó gùn ju gbogbo ìwé tí ẹ ti rí rí lọ, ìlà rẹ̀ ju mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀. Àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀, òmíràn kò sì léwu. Ṣùgbọ́n òmíràn dà bí fèrèsé tí kápẹ́ńtà gbàgbé láti fi ìkọ́ sí. (Fèrèsé gan-an sì ni ìtumọ̀ Windows ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Bí onílé kò bá mọ̀, tí olè náà kò sì mọ̀, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí olè bá mọ̀ ni ọ̀rọ̀ di ariwo.

Nítorí náà ni àwọn tó ṣe ètò náà kì í fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tà á. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń wá fèrèsé tí kò ní ìkọ́. Àwọn ẹlòmíràn náà ń wá a, wọ́n sì ń sọ fún wọn. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọ́n á ṣe ìkọ́ fún un, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí gbogbo kọ̀ǹpútà. Ohun tí à ń pè ní àtúnṣe nìyẹn, tí a máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà tí ó ń sọ èdè Faransé pé mise à jour. Láti ọdún 2003 ni Microsoft ti ń kó wọn jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wa a máa bínú sí i, pé kọ̀ǹpútà ń fi àkókò wa ṣòfò. Ìkọ́ fèrèsé ló ń kàn o.

Ṣùgbọ́n kò sí kápẹ́ńtà tó máa tún ilé kan ṣe títí láé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ ti ń rí ọjọ́ ìparí lára páálí oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ètò baálé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Windows XP jáde ní ọdún 2001. Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n ṣíwọ́ títọ́jú rẹ̀. Windows 7 jáde ní 2009, ó parí ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Windows 10 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015, ó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ti ìkẹyìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù tí à ń rà ní Kútọnu àti ní Lómè. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó bá rí i pé kọ̀ǹpútà òun kò ní gba àtúnṣe mọ́ a máa tà á, a sì di èyí tí àwa ń rà. Ọjà tó pọ̀ la rí yẹn, kò sì burú. Ṣùgbọ́n kí á mọ ohun tí a rà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìparí náà? Kò sí ohun tí ojú rí. Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kì í kú. Ó ń jí, ó ń tẹ̀wé, ó ń kọ orin bí ti àná. Ṣùgbọ́n fèrèsé tí wọ́n bá rí láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí yóò fi ìkọ́ sí i. Ohun mìíràn wà tó burú jù bẹ́ẹ̀. Ètò titun àti ti àtijọ́ a máa jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Bí wọ́n bá fi ìkọ́ sí fèrèsé lára ti titun, olè a yẹ ìkọ́ náà wò, a sì mọ ibi tí fèrèsé wà. Lẹ́yìn náà, a lọ wò bóyá irú fèrèsé kan náà wà lára ti àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe tó dáàbò bo aládùúgbò ṣe lè di atọ́nà fún olè sí ilé tiwa.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2017, nítorí gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún náà, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún fèrèsé ńlá kan. Windows XP kò sí nínú àwọn tó gba àtúnṣe ọ̀fẹ́ náà. Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì àti oṣù mọ́kànlá tí ó ti parí. Oṣù méjì kò tíì pé, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba fèrèsé yẹn wọlé. Kì í dúró de kí ènìyàn tẹ nǹkan kan. Bí ó bá wọ kọ̀ǹpútà kan, a gba orí wáyà kọjá sí èkejì, bí iná tó ń jó láti òrùlé koríko kan dé òmíràn nígbà ọyẹ́. Ó ti gbogbo ìwé pa, ó sì ní kí wọ́n san 300 dọ́là. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti ba kọ̀ǹpútà tó ju 200 000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kan 81 nínú àwọn àjọ 236 tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n dá àwọn aláìsàn padà, wọ́n ní kí ọkọ̀ pàjáwìrì gba ilé ìwòsàn mìíràn lọ. Ní Faransé, ilé-iṣẹ́ Renault dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ibi tó ti ń ṣe mọ́tò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Marcus Hutchins, ló rí i pé kòkòrò náà ń béèrè orúkọ ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣiṣẹ́. Ó ra orúkọ náà ní owó tí kò tó nǹkan, kòkòrò sì dẹwọ́. Microsoft náà ṣe ohun tí kì í sábà ṣe: ó fún Windows XP ní àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn yìí ní apá kan. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí WannaCry mú kì í ṣe Windows XP. Windows 7 ni, èyí tí wọ́n ṣì ń tọ́jú nígbà náà. Ìkọ́ ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì, àwọn onílé ni kò kàn án. Nítorí náà, ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà titun tí kò gba àtúnṣe rẹ̀, òun àti ẹni tó ní ti àtijọ́ wà lójú kan náà.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: mégà wọ́n. Òótọ́ ni. Àtúnṣe kan lè jẹ mégà tí ẹ fi ń bá àwọn ènìyàn yín sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó sì ń ṣe ètò wọ̀nyí kò rántí ẹni tó ń gun orí àpáta kí ó tó rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ kan ń ṣe ni pé wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ìlú ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì gbé pọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá pọ̀ ní ibì kan, bí ní ilé ìwé, ohun kan wà nínú Windows 10 àti 11 tí Faransé ń pè ní Optimisation de la distribution. Bí ẹ bá ṣí i, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà a gba àtúnṣe láti ìta, àwọn yòókù a sì pín in lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Bí olè kò bá tilẹ̀ dé, ètò àtijọ́ a máa rí i pé ìlẹ̀kùn ń tì mọ́ ọn lójú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yín bá fẹ́ wọ ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojúlé náà a fi ìwé ẹ̀rí hàn án, bí ẹ ti ń fi káàdì ìdánimọ̀ hàn ní ẹnu ibodè. Kọ̀ǹpútà a wo ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà, a sì wò ó bóyá ó mọ̀ ọ́n. Orúkọ àwọn afọwọ́sí wà nínú ètò baálé láti ilé. Orúkọ wọ̀nyí náà a máa gbó, a sì ń fi titun rọ́pò wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ ńlá náà parí, èyí tí àjọ Let's Encrypt, tó ń fún ojúlé púpọ̀ ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, ti gbára lé. Ní ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní orúkọ titun nínú kò lè ṣí ojúlé tí wọ́n ṣí ní àná. Àwọn onílé rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́.

Èdè àṣírí tí ojúlé àti kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ náà ń yí padà. Ètò tí Windows XP fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé kò gbọ́ èyí tí àwọn báńkì ń sọ lónìí. Chrome kò ṣe ẹ̀dà titun fún Windows 7 mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ẹ̀yin tí ẹ ní tẹlifóònù Android 4 ti rí i pé WhatsApp kọ̀ fún yín. Tẹlifóònù kò bàjẹ́, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí n fi ohun kékeré kan kún un, nítorí mo ti rí i tó mú kí àwọn ènìyàn ju kọ̀ǹpútà rere nù. Nínú kọ̀ǹpútà, bátìrì kékeré kan wà tó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ sẹ́fà. Lára rẹ̀ ni a sábà máa ń rí CR2032. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ àti wákàtí nígbà tí a bá pa á. Bí bátìrì náà bá kú, kọ̀ǹpútà a gbàgbé ọjọ́, a máa rò pé ọdún tí wọ́n ṣe òun ni a ṣì wà. Nígbà náà, bí ojúlé bá fi ìwé ẹ̀rí ọdún yìí hàn án, a ní: «Ìwé yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀, irọ́ ni.» A sì ti ìlẹ̀kùn. Nítorí náà, bí gbogbo ojúlé bá kọ̀ láti ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá jẹ́ ọjọ́ òní, ẹ tún un kọ. Bí ó bá tún gbàgbé ní ọ̀la, ẹ pààrọ̀ bátìrì náà.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ètò baálé tó wà lọ́wọ́ yín? Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán fèrèsé pọ̀ mọ́ lẹ́tà R, ẹ kọ winver, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ńlá tó wà lápá ọ̀tún. Orúkọ rẹ̀ á jáde. Lórí tẹlifóònù, ẹ lọ sí Paramètres, lẹ́yìn náà À propos du téléphone, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Version Android sí.

Bí ó bá jẹ́ Windows 10, ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà náà lè gba Windows 11. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ní Windows 10 tó tọ́. Ṣùgbọ́n Windows 11 ń béèrè ẹ̀yà kékeré kan tó ń pa àṣírí mọ́, TPM 2.0 ni orúkọ rẹ̀, ó sì ń béèrè ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2018 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àlòkù wa kò dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ kan mọ ọgbọ́n tí a fi ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wọlé. Microsoft kò ṣèlérí pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ yóò máa gba àtúnṣe, nítorí náà n kò lè sọ pé kí ẹ ṣe é fún kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ní ọdún 2025, Microsoft tún gbé ètò ìrànwọ́ kan kalẹ̀ tó ń fún Windows 10 ní ìkọ́ fèrèsé nìkan, wọ́n sì fi ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026 ṣe òpin rẹ̀ fún àwọn onílé. 30 dọ́là ni, tàbí ọ̀fẹ́ bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn tí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín. Ó dára láti fi ra àkókò.

Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọn kò fẹ́ kí Windows XP kú. Nígbà tí Microsoft ti ilẹ̀kùn tí XP fi ń gba àtúnṣe ní ọdún 2020, wọ́n kó àwọn àtúnṣe àtijọ́ jọ sí ọ̀dọ̀ ara wọn, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé XP kalẹ̀ lè rí wọn gbà. Mo yìn wọ́n, iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni. Ẹni tí ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá rẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn rẹ̀ kò gbọ́ ti ètò mìíràn nílò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ìkọ́ tí wọ́n kó jọ, ìkọ́ àtijọ́ ni. Fèrèsé tí olè rí ní oṣù tó kọjá kò sí nínú rẹ̀. Aṣọ ọdún mẹ́wàá tí a fọ̀ mọ́, aṣọ ọdún mẹ́wàá náà ni. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Kí ó máa tẹ̀wé, kí ó máa ṣe ìṣirò, kí ó má sì gba kọ́kọ́rọ́ USB àlejò.

Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù ni Linux. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, àìmọye ènìyàn sì ti bá a kọ ọ́ láti ìgbà náà. Kò sí owó tí à ń san lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Linux Mint lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ìrántí rẹ̀ kò ju gígà 2 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígà 4 ló dára. Ojú rẹ̀ kò jìnnà sí ti Windows. LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ ń kọ ìwé, ó ń ṣe ìṣirò, ó sì ń ṣí ìwé tí a fi Word kọ. Ẹ lè fi í sínú kọ́kọ́rọ́ USB, kí ẹ dán an wò láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Linux náà ní ọjọ́ ìparí, ọdún márùn-ún ni ẹ̀dà Mint kọ̀ọ̀kan sábà ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó tẹ̀lé e, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í sábà béèrè pé kí ẹ ra irin titun. Kọ̀ǹpútà tó ti gbó púpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 32-bit, kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè mọ́: Debian, tó mú un mọ́ra jù, kò ṣe ẹ̀dà tí a lè fi gbé e kalẹ̀ lórí wọn mọ́ nínú Debian 13 tó jáde ní 2025. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí iṣẹ́ yín bá wà lórí ètò kan tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kí ẹ tó yí padà. Kí ẹ sì kó ìwé yín jáde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, nítorí gbígbé Linux kalẹ̀ lè pa ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun ń ta àtúnṣe nínú ọjà. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi Windows ayédèrú sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì pa gbígba àtúnṣe rẹ̀ kí wọ́n má baà mú un. Ẹni tí ẹ sanwó fún kí ó fi ìkọ́ sí fèrèsé ti yọ fèrèsé lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Lẹ́yìn tí mo ti sọ pé agbára mi kò gbé e, gbogbo wọn dákẹ́. Akọ̀wé ń sunkún. Ìyá tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ dìde, ó wọ inú yàrá, ó mú ìwé kékeré kan jáde tó fi ọ̀rá wé. Ìwé tó fi kọ́ ẹ̀kọ́ àgbà ni. Ojú ewé àkọ́kọ́ kún fún A, B, D. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ àti owó wọn ni ó ń kọ, ní lẹ́tà ńlá ńlá, ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Mo ní: «Ìyá, ẹ ṣe é tí ẹ kò fi jù ú sílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà dé?»

Ó ní: «Ọmọ mi, ìwé tí mo fi kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ ara mi, ṣé màá jù ú nù?»

Ṣùgbọ́n ojú ti ń dùn ún láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì lè kọ nǹkan mọ́. Oṣù mẹ́ta yẹn ló sọnù. Wọn kò san owó fún olè, nítorí kò sí ẹni tó lè fi dá wọn lójú pé olè tó gba owó yóò dá ohun tó jí padà. Wọ́n pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ, kí olúkúlùkù sọ iye tó dá àti iye tó yá. Ọ̀pọ̀ ni ẹnu wọn kò. Àwọn méjì kan kò gbà fún ara wọn lórí 15 000 sẹ́fà. Èyí ní òun ti san án, èyí ní òun kò rí i. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, wọn kò tíì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

A pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà rẹ́, a sì gbé Linux Mint kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ìṣirò ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà méjì báyìí lórí kọ́kọ́rọ́ USB, ọ̀kan ní ilé akọ̀wé, ọ̀kan ní ilé olórí ẹgbẹ́, wọn kì í sì í fi wọ́n sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ẹ̀dà tán, kí kòkòrò tó bá wọlé má baà rí wọn. Kọ́kọ́rọ́ mìíràn ni wọ́n ń fi rán ọmọ lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ní ọjọ́ ọjà, lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé, akọ̀wé a ka iye rẹ̀ sókè láti ojú kọ̀ǹpútà, ìyá tó ń tọ́jú owó a sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Wọ́n ti ra awò fún un. Ìwé àkọ́kọ́ ti kún, ó ti bẹ̀rẹ̀ èkejì.